Ìtọ́jú òṣìṣẹ́, ojúṣe sí àwùjọ àti èrè ilé-iṣẹ́ ní Èkìtì

Ìtọ́jú òṣìṣẹ́ àti ojúṣe ilé-iṣẹ́ sí àwùjọ ni ètò tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà pa ẹni tó ń ṣe é lára, kó má sì ba omi, ilẹ̀ àti àlàáfíà aládùúgbò jẹ́. Owó ni wọ́n fi ń ṣe é, owó náà ló sì ń gbà là.

Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Ilẹ̀ àpáta ni Èkìtì. Eruku òkúta tí òṣìṣẹ́ bá ń fà símú fún ọdún pípẹ́ lè dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró. Silicosis ni wọ́n ń pe àrùn náà, kò sì ní ìwòsàn. Bí wọ́n bá ń wọ́n omi sí òkúta, tí òṣìṣẹ́ sì ń lo ìbòmú tó yẹ, eruku á dín kù. Ìnáwó nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò bá dùbúlẹ̀ àìsàn, iṣẹ́ á falẹ̀, owó ìtọ́jú á wọlé dé, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíràn. Ti aládùúgbò náà wà ńbẹ̀: bí àdó tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta bá la ògiri ilé wọn, ẹjọ́ lè dé ààfin, àwọn ọ̀dọ́ sì lè dí ọ̀nà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá jáde, kò sí títà.

Àwọn ìnáwó kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú rárá. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó-oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó-oṣù òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ san ó kéré tán ìdá 8.

Fún àwọn tó ń ṣòwò kòkó, ọjà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 kò fẹ́ kòkó tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ oníṣòwò tó ti mọ oko tí kòkó rẹ̀ ti wá kò ní sáré kiri nígbà tó bá dé.

Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Orlitzky, Schmidt àti Rynes, kó ìwádìí 52 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ojúṣe sí àwùjọ àti èrè sábà máa ń rìn pọ̀. Ojúṣe sí àyíká náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ti àwùjọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì rí: ojúṣe ń mú èrè wá, ilé-iṣẹ́ tó sì ti lówó lọ́wọ́ ló rọrùn fún láti ṣe ojúṣe. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ kékeré fi nílò àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ojúṣe ló ń mú èrè wá fún un: ọjọ́ tí àìsàn gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, iye àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ìjà aládùúgbò ti ilẹ̀kùn.