Ṣé ọkọ lè sùn ti ìyàwó rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ìyá ìkókó?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a ní kí àlejò máa lọ, ọkọ kan kò ní ṣàìbẹ̀ wá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n sùn tì í lónìí." Rárá la sábà máa ń sọ. Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní ìkanra àwa agbẹ̀bí Abẹ́òkúta ti pọ̀ jù.

Ti ìrọbí kò ní àríyànjiyàn nínú mọ́. Láti 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí obìnrin tó ń rọbí ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi bímọ, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. (Ìyá ọkọ kọ́ ni yóò yàn án o.) Obìnrin tí kò dá wà máa ń tètè bí, iṣẹ́ abẹ sì máa ń dín kù. Lẹ́yìn tí ọmọ bá dé tán lọ̀rọ̀ ń le.

Wọ́ọ̀dù gbọọrọ, tí nọ́ọ̀sì lè dúró níkangun kan kó rí ìkangun kejì, ni àwọn òyìnbó kọ́ fún wa, irú rẹ̀ ṣì pọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì. Ìyá kan tú àyà sílẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹnìkejì ń pààrọ̀ páàdì. Ẹ̀kẹta ń rọra wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé ìtọ̀, ìró nìkan ló ró mọ́ àyà. Ọkọ rẹ ni lójú tìrẹ, ọkùnrin àjèjì ni lójú tiwọn.

Ṣùgbọ́n òru àkọ́kọ́ kì í ṣe òru tó yẹ kí ìyá ìkókó dá sùn. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ya abiyamọ, nọ́ọ̀sì kò sì lè wà nídìí bẹ́ẹ̀dì gbogbo. Bí páàdì bá rin gbingbin kí wákàtí kan tó pé, bí ìyá bá ń sọ pé orí ń fọ́ òun gan-an, pé ojú òun ń ṣe bàìbàì, ẹ sáré pè wá. Gìrì lè mú obìnrin lẹ́yìn tó ti bímọ. Ẹ má ní "ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ẹ jẹ́ ó sùn."

Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kú nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, rọ́bà ìtọ̀ wà lára rẹ̀, ọmọ ń ké, kò lè dìde gbé e. Bí ìyá rẹ̀ bá wà ní Jos, tí òun ń gbé Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta níbí, ta ni yóò gbé ọmọ fún un? Ibí yìí ni mo ti yapa sí òfin. Tèmi ni pé ká gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ká ta aṣọ yí i ká, ká bi àwọn tó wà nítòsí bóyá wọ́n gbà, kí ọkọ sì wọlé. Olówó ń gba yàrá àdáni, ọkọ rẹ̀ á sùn síbẹ̀ láìsí ìjà. Ṣé olówó nìkan ló ń bímọ ni?

Kí ọkọ náà má wá sùn ṣá. Mo ti bá ọkùnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń han-run, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àga oníke tòun ti ojú abẹ tútù, tó gbé ọmọ dání. Mo jí i. Orí àga ni ti ọkọ. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìlédìí, kó sì bọ́ síta bí dókítà bá ń yẹ aládùúgbò wò. Ó tún lè tẹ́ ọmọ sí ìhòòhò àyà rẹ̀, ara ọmọ á móoru.

Ọjọ́ ìwòyún ni kí ẹ ti béèrè òfin ilé ìwòsàn yín, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ẹnu géètì lóru. Ẹni tí wọn kò bá sì gbà láyè, kó má pa fóònù rẹ̀ o. Ó lè jẹ́ aago méjì òru la máa pè é nítorí ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn.