Ẹni Tó Gba Kíndìnrín Tuntun Kò Gbọdọ̀ Dá Ibà Tọ́jú Nílé

Ó ti sú mi láti máa gba ọ̀rá oògùn kẹ́míìsì lọ́wọ́ àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín fún. Ọ̀rá kékeré ni, oògùn pupa, oògùn funfun àti aláwọ̀ ewé ló kún inú rẹ̀, kò sí orúkọ lára ẹyọ kan. Wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ibà ló ń ṣe mí, mo sì ti lo nǹkan sí i.” Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin á ti kọjá kí wọ́n tó rántí pé nọ́ńbà wa wà lára káàdì tí a fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba kíndìnrín ni mò ń bá wí, àti ẹ̀yin ará ilé wọn pàápàá, torí ẹ̀yin lẹ sábà máa ń sáré lọ ra oògùn ọ̀hún.

Ní ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára ọkùnrin kan, wọ́n sì fi sára èkejì rẹ̀. Inú ẹyin kan ṣoṣo ni àwọn ìbejì náà ti wá, ìdí nìyẹn tí ara ẹni tó gbà á kò fi bá kíndìnrín náà jà. Ẹ̀yin kì í ṣe ìbejì ẹni tó fún yín. Ara yín mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín yìí, bí kì í bá sì í ṣe ti tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone tí ẹ ń lò, ara yóò gbógun tì í títí yóò fi bà á jẹ́. Àwọn oògùn yẹn ló ń dá ọmọ-ogun inú ara lẹ́kun. Àmọ́ àwọn ọmọ-ogun yìí kan náà ló yẹ kó bá kòkòrò àrùn jà. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló léwu jù, torí ìgbà yẹn ni ìwọ̀n oògùn ga jù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ tẹmómítà, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè fi ṣeré. Ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí kí ẹ sọ pé ara ò gbóná. Prednisolone máa ń bo ìgbóná ara mọ́lẹ̀. Àrùn lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ara má sì gbóná ju díẹ̀ lọ. Ẹ ra tẹmómítà tiyín, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn. Ẹ fi sábẹ́ ahọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ pa ẹnu dé títí yóò fi dún. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná tàbí omi tútù tán, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi sẹ́nu. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ kọ ìwọ̀n ara yín, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín àti bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má lo parasitámọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí yóò tan tẹmómítà jẹ. Bó bá ti wọ 38, ẹ pè wá. Ẹ má sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹ má sì dúró de ọjọ́ kíníìkì. Bí ara ò bá tilẹ̀ gbóná, tí òtútù ń mú yín gbọ̀n, tí ẹ ń wúkọ́, tí ìtọ̀ ń ta yín, tí ojú ọgbẹ́ ń ṣomi tàbí tí ẹ ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ẹ pè wá náà. Ìgbẹ́ gbuuru nìkan tó láti mú kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Mi ò sọ pé ibà ẹ̀fọn kì í ṣe ẹni tó pààrọ̀ kíndìnrín. Ó ń ṣe wọ́n, ó sì lè dá wọn dùbúlẹ̀ kíákíá, torí náà abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n máa sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ ibà. Ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Àrùn ilé ìtọ̀, òtútù àyà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, gbogbo wọn ló lè fi ara gbígbóná bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì wà nínú ọ̀rá kẹ́míìsì lè burú ju àrùn fúnra rẹ̀ lọ. Erythromycin àti clarithromycin, àwọn oògùn apakòkòrò àrùn, máa ń mú kí tacrolimus ga títí yóò fi di májèlé fún kíndìnrín. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń fà á wálẹ̀ títí ara yóò fi kọ kíndìnrín sílẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń fún ẹni tí ara ń ro, kíndìnrín gan-an ni wọ́n ń ṣe léṣe.

Àwọn alágbo ńkọ́? Wọ́n á ní àgbo àwọn ń fún ara lágbára. Ìyẹn gan-an la ń sá fún! Bí òótọ́ bá ni pé ó ń ta ọmọ-ogun ara jí, kíndìnrín tí ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹbí ni wọn yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tó ń tà á kò mọ ìwọ̀n ohun tó kó sínú ìgò, kò sì sí ẹni tó mọ omi tó fi rẹ ẹ́. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń sọ fún aláìsàn pé kó dá oògùn rẹ̀ nù torí ó ti gba ìwòsàn. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n bí aago mẹ́jọ bá ti lù, ẹ gbé oògùn yín mì.

Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí, a sì mọ̀ ọ́n ṣe nílẹ̀ yìí. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó. Nígbà tó di 2002, wọ́n ṣe é nílé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àfi kí èèyàn lọ ṣe é ní Íńdíà. Àwọn dókítà wa á dúró ti tábìlì iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwa nọ́ọ̀sì á máa wọn ìtọ̀ ní wákàtí-wákàtí tọ̀sán-tòru, ẹbí á ti ta ilẹ̀, kí ọ̀rá oògùn kan tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìyá oníṣòwò kan wà tó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fún un ní kíndìnrín. Kò tíì pé oṣù méjì tó kúrò lọ́dọ̀ wa tí wọ́n fi ṣe ìdúpẹ́. Aṣọ ẹbí, ọ̀pọ̀ èrò, gbogbo ènìyàn ló ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ó sì jẹ sàláàdì tó ti wà níta láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ yẹ ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ṣé kò lè dúró kí oṣù mẹ́fà pé ni? Ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn ibà àti clarithromycin torí ikọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé, òtútù àyà ti mú un, tacrolimus ti ga kọjá ààlà, ìtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí àpá wà, ó sì ń bi mí pé, “Màámi, ṣé tèmi ti bà jẹ́ ni?” Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìyá yẹn yè é, kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ìyókù ò le. Ẹ se omi kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Ẹ má jẹ wàrà tí wọn ò sè, ẹ má jẹ ẹyin tí kò jinná. Kí ẹlòmíràn máa gbá ilé adìyẹ àti ti ẹyẹlé. Ẹ wọ bàtà bí ẹ bá ń jáde sí àgbàlá. Àlejò tó ń wúkọ́, kó ti ẹnu ọ̀nà kí yín. Wọn ò gbọdọ̀ gún yín lábẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú, ì báà jẹ́ nítorí ìrìn-àjò. Bí wọ́n bá kán àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu ọmọ ilé yín, kí ẹlòmíràn máa nu ìdí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ó máa ń bá ìgbẹ́ ọmọ jáde.

Bí ara bá gbóná nígbà tí ẹ wà ní ìlú mìíràn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ ni pé ẹ ti pààrọ̀ kíndìnrín, kí ẹ tó sọ pé orí ń fọ́ yín. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn yín dání àti ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà sí, kí ẹ sì ní kí dókítà ibẹ̀ pè wá kó tó kọ oògùn kankan fún yín.