Ìgbà Tí Gbọ̀ngàn Kún Ni Cineworld Tọrùn Bọ Gbèsè

Nítorí pé ìṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun, àwọn ará wa ní London máa ń bi mí pé: ṣé Kòrónà ló dá Cineworld, ilé iṣẹ́ onísinimá ńlá yẹn, wó ni, àbí Netflix? Èsì mi ni pé Kòrónà ló taari rẹ̀, ṣùgbọ́n etí kòtò ló ti bá a.

Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì £10 kan. Ìjọba á kọ́kọ́ yọ owó orí tirẹ̀, £1.67. Nínú £8.33 tó kù, ẹni tó ni fíìmù máa ń gba bí ìdajì, ó sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí fíìmù ńlá bá jáde. Bíi £4 ló kù fún onísinimá láti fi san owó ilé, owó iná àti owó oṣù. Ìdí tí gúgúrú fi wọ́n nìyẹn: onífíìmù kì í bá wọn pín owó gúgúrú. Iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ tín-ín-rín báyìí, gbèsè mélòó ló lè rù?

Steve Wiener ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1995, Stevenage ni wọ́n sì ti ṣí gbọ̀ngàn àkọ́kọ́. Wọ́n ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀: wọ́n wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní 2007, wọ́n ra Picturehouse, onísinimá mìíràn, ní 2012, wọ́n dà pọ̀ mọ́ onísinimá tó ń jẹ́ Cinema City International ní 2014, Mooky Greidinger, ọ̀gá Cinema City, sì di ọ̀gá gbogbo wọn.

February 2018 lọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ra Regal, onísinimá ti Amẹ́ríkà, tó tóbi jù wọ́n lọ jìnnà, ní $3.6 bílíọ̀nù. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín, wọ́n sì yá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù lé e. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà á máa roko olówó. Èlé nìkan ni iṣẹ́ yẹn dúró fún. Owó tó yá gan-an wà níbẹ̀ gbári. Ohun tó jọ ìwọ̀fà ni gbọ̀ngàn wọ̀nyẹn dà. Èrò ń wọlé, gúgúrú ń tà, oko olówó ni wọ́n ń ro.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọrùn ò tíì kúrò nínú gbèsè yẹn tí wọ́n tún fi tọwọ́ bọ̀wé, ní December 2019, pé àwọn fẹ́ ra Cineplex, onísinimá ti Kánádà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbogbo ilẹ̀kùn tì. Wọ́n fà sẹ́yìn nínú Cineplex, kóòtù Ontario sì ní kí wọ́n san $1.24 bílíọ̀nù owó Kánádà. Nígbà tí àwọn tó ni fíìmù James Bond tún sún un síwájú ní October 2020, Cineworld ti gbọ̀ngàn rẹ̀ pa ní Britain àti Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ bíi 45,000 ló kàn.

September 2022 ni wọ́n sá wọ abẹ́ Chapter 11, òfin onígbèsè ti Amẹ́ríkà, ní kóòtù kan ní Texas. Kí nìyẹn? Ẹ rántí ológò, tó máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí kò ní dìde àfi tí wọ́n bá san án. Òfin yìí ló ń ní kí ológò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí onígbèsè lè rójú bá àwọn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi ìpín, àwọn tí wọ́n fi dúkìá dúró fún ló kọ́kọ́ ń bu ọbẹ̀. Ẹni tó ra ìpín ìdókòwò ló ń bù ú kẹ́yìn, bó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ìpín nílé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ má wo èrò tó tò sẹ́nu ọ̀nà nìkan. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò ọdọọdún wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ gbèsè sí àti ọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ san án, kẹ́ ẹ gbé èlé ọdún kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tí wọ́n rí kí wọ́n tó san èlé. Bí èlé bá ti ń jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ, èmi ò ní fowó mi síbẹ̀.

Ní July 21, 2023, Barbie àti Oppenheimer jáde lọ́jọ́ kan náà, èrò sì ya wọ sinimá. Ọjọ́ kẹwàá sí i ni Cineworld kúrò lábẹ́ Chapter 11. Àwọn olówó fi gbèsè bíi $4.5 bílíọ̀nù sílẹ̀, wọ́n sì gba ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò rí kọ́bọ̀ gbà.