Ìjọba ti yí padà, kí ló dé tí àwọn aṣòfin àtijọ́ ṣì ń jókòó?

Ní Kubwa níbí, l'Abuja, bí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ti ka owó oṣù tán, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló kù. Díẹ̀ rèé nínú ohun tí wọ́n máa ń bi mí.

Ìbéèrè: Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni ààrẹ máa ń búra. Kí ló dé tí àwọn aṣòfin kì í kó ẹrù wọn lọ́jọ́ yẹn kan náà?

Ọjọ́ tiwọn yàtọ̀. Abala 64 nínú ìwé òfin 1999 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojúṣòfin ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ọjọ́ tí ilé kọ́kọ́ jókòó ni wọ́n sì ti ń kà á. Ní 1999, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ni. Ní 2015, ó ti di ọjọ́ 9. Ní 2019, ọjọ́ 11. Ní 2023, ọjọ́ 13. Ilé tuntun kò lè wọlé kí ti àtijọ́ tó lo ọdún tirẹ̀ pé, ìyẹn ló fi ń sún díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kan àwa tí à ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ wa, ti Eagle Square níbi tí ààrẹ ti ń búra, lẹ́yìn náà ti Three Arms Zone níbi tí ilé aṣòfin wà.

Ìbéèrè: Ṣé ààrẹ tuntun á wá máa bá àwọn tí kò bá a wọlé ṣiṣẹ́ ni?

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2023, ilé kẹsàn-án (2019 sí 2023) tó bá Buhari ṣiṣẹ́ ló fọwọ́ sí i kí Tinubu yan olùdámọ̀ràn pàtàkì 20. Ìyẹn kò nira, APC kan náà ni wọ́n. Ti 2015 ló gba àròjinlẹ̀. PDP ló pọ̀ jù nílé àgbà, APC sì ti gba Aso Rock. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n túká, àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí àbádòfin 46 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ráyè ka èyí tó ń fọwọ́ sí?

Ìbéèrè: Ta ló ń ṣí ilé tuntun, nígbà tí kò tíì ní olórí?

Ààrẹ ló ń kọ̀wé ìkéde. Akọ̀wé ilé á kà á sétí gbogbo wọn, òun náà ni yóò darí ìbò tí wọ́n fi ń yan olórí. Ibẹ̀ gan-an ni eré wà. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹfà 2015, sẹ́nétọ̀ APC 51 wà ní International Conference Centre, wọ́n ń retí ìpàdé pẹ̀lú Buhari. Àwọn 57 tó wà nílé yan Bukola Saraki, ọmọ Ìlọrin, ṣe olórí ilé àgbà láìsí alátakò. Àwọn kan ṣì ń pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Lójú tèmi, ẹni tó lọ jókòó síbòmíràn lọ́jọ́ ìbò ló rẹ́ ara rẹ̀ jẹ: ìdá kan nínú mẹ́ta ni òfin béèrè kí ilé tó lè jókòó, 37 nínú 109 ti tó. Ẹ̀kọ́ náà wọlé, torí ní 2023 gbogbo wọn ló pésẹ̀: Akpabio tó wọlé ní ìbò 63, Yari ará Zamfara tó bá a du ipò náà ní 46.

Ìbéèrè: Bí ààrẹ bá kú ńkọ́?

Ilé kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Yar'Adua ará Katsina kú lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2010, Jonathan búra lọ́jọ́ kejì, ilé kẹfà sì ń bá iṣẹ́ lọ títí di 2011.

Ìbéèrè: Ṣé ààrẹ lè bínú tú wọn ká?

Rárá o. Ìkéde ìtúká wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí ọdún mẹ́rin bá pé ni ó lè lò ó. Àwọn ológun ló máa ń fi ìbínú tú ilé ká: ní ìparí 1983, àti ní oṣù Kọkànlá 1993 nígbà tí Abacha gba ìjọba lọ́wọ́ Shonekan.

Ìbéèrè: Pẹ̀lú ogun Bòkó Háráámù, ṣé wọn ò lè fi ọdún kún ti ara wọn?

Òfin fàyè gbà á bí ogun bá wọ ilẹ̀ wa, tí ààrẹ sì rí i pé ìbò kò ṣeé dì. Kódà nígbà náà, oṣù mẹ́fà ni kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ní 2015, wọ́n sún ìbò ààrẹ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta nítorí àwọn ajagun yìí, síbẹ̀ ilé keje kò fi ọjọ́ kan kún tirẹ̀. Ilé kẹwàá tó wà níbẹ̀ báyìí, oṣù Kẹfà 2027 ni tirẹ̀ yóò pé.