Iná mànàmáná láti inú omi ìdọ̀tí ìlú

Omi ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè yí tọ́báìnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí láti dá iná, bó ṣe ń ṣàn kọjá nínú páìpù, kí a sì ti ibẹ̀ rí iná mànàmáná díẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí iná tí a ń fi gáàsì ìgbẹ́ dá, nítorí ìwúwo omi àti jíjábọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, kì í ṣe ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Abẹ́òkúta, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní páìpù omi ìdọ̀tí tó kárí ìlú.

Ìṣirò agbára omi

Ohun méjì ló ń pinnu iye iná: bí omi ṣe pọ̀ tó, àti bí ibi tó ti ń já bọ́ ṣe ga tó. Bí lítà omi 1 bá ń já bọ́ láti òkè mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 9.81.

Ká ní ènìyàn 10,000 ń gbé àdúgbò kan, tí omi ìdọ̀tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lítà 80 lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 800,000, ìyẹn bíi lítà 9.3 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí omi yìí bá já bọ́ láti òkè mítà 10, tí ẹ̀rọ sì rí ìdá 60 nínú 100 agbára náà gbà, wáàtì 545 péré ni. Kò tó ohun tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ń gbé, àmọ́ gílóòbù LED oníwáàtì 10 bíi 50 lè tàn lórí rẹ̀ láìra epo. Ìṣirò yìí tilẹ̀ ṣàánú ẹ̀rọ. Omi máa ń pọ̀ láàárọ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń wẹ̀, tó bá sì di òru, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ibi tí omi kò ti já bọ́, tó kàn ń ṣàn lọ, èrè ibẹ̀ kéré gan-an. Omi tó ń lọ ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ojú rẹ̀ nínú páìpù fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà onígun mẹ́rin, kò ní ju wáàtì 50 lọ, kẹ̀kẹ́ kankan kò sì lè gba gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára yìí á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó ń gba agbára lọ́wọ́ omi ń dín eré rẹ̀ kù, bí eré náà bá sì wálẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 0.6 ní ìṣẹ́jú àáyá lọ, iyanrìn àti ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í silẹ̀, páìpù á dí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ omi fi ń wá ibi tí omi ti ń já bọ́.

Ẹ̀rọ àti ewu

Tọ́báìnì Pelton ló bá ibi gíga mu. Kaplan wà fún ibi tí kò ga púpọ̀ tí omi sì pọ̀. Pọ́m̀pù lásán tí omi ń yí sẹ́yìn náà ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Bátìrì àti ìnfátà ló ń tọ́jú iná tó bá jáde.

Asẹ́ irin ló yẹ kí ó ṣáájú gbogbo èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a sábà máa ń gbàgbé. Àkísà, irun, pámpáàsì àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á wé mọ́ ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí kò bá sí asẹ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa ko ohun tí asẹ́ bá mú. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Lára ògiri tútù, kòkòrò àìfojúrí ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ kọnkéré àti irin. Gáàsì náà fúnra rẹ̀ lè pa ẹni tó bá wọ inú ihò láìjẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ wọlé. Mẹtéènì, gáàsì mìíràn tó ń jáde látinú ìgbẹ́, lè gbiná ní tirẹ̀.

Níbòmíràn

Ní Bagnes, ní Switzerland, omi ìdọ̀tí tí a ti sẹ́ ń já bọ́ láti òkè mítà 449, ẹ̀rọ ibẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, sì jẹ́ ti kilowáàtì 380. Ní As Samra, ní Jọ́dánì, tọ́báìnì wà ṣáájú ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìlú Amman mọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìfọmi-ìdọ̀tí-mọ́ Point Loma ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ń lo omi tí wọ́n ti tọ́jú kí ó tó dé òkun.

Ní Abẹ́òkúta

Ṣálángá àti sọ́kàwéè ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ń gba gọ́tà lọ sí odò Sokori àti Odò Ògùn, omi aró àwọn aládìrẹ náà sì ń bá a lọ. Sódà tí àwọn aláró ń lò máa ń jẹ alumíníọ̀mù, nítorí náà kò yẹ kí a fi í ṣe kẹ̀kẹ́ tí irú omi bẹ́ẹ̀ yóò máa yí. Òkúta tó fún ìlú lórúkọ náà ló fún un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun náà ló sì ń mú kí gbígbẹ́ ilẹ̀ fún páìpù wọ́n.

Gọ́tà kò lè rọ́pò páìpù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà òjò, ó lè di àgbàrá tó ń gbé ilé lọ, gẹ́gẹ́ bí omíyalé oṣù Keje 2018 tó gba ẹ̀mí ènìyàn nílùú náà. Kẹ̀kẹ́ tí a bá gbé sínú gọ́tà á tún di ohun tó ń dí omi lọ́nà. Ó jọ pé ọgbà tó ti ń kó omi ìdọ̀tí ara rẹ̀ jọ sójú kan, bíi yunifásítì, ilé ìwòsàn ńlá tàbí ẹ́sítéètì tó wà lórí òkè, ló ṣeé fi bẹ̀rẹ̀.

Tọ́báìnì omi kì í ṣe ohun tuntun lágbègbè náà. Dáàmù Ọyán, tí wọ́n ṣí ní 1983 lókè odò sí ìlú náà, ní tọ́báìnì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 3. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣiṣẹ́.

Lábẹ́ òfin iná mànàmáná Nàìjíríà ti 2023, ẹ̀rọ tí kò bá ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ ní ojú kan kò nílò láísẹ́ǹsì láti dá iná.