Ìlà Kan Ṣoṣo Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Yín

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Tankẹ́, nílùú Ìlọrin, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: "Alhája, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí LinkedIn, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pè mí?" LinkedIn ni ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń fi iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe han àwọn agbaniṣíṣẹ́. Mo ní kí kálukú gbé fóònù rẹ̀ wá. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun ń wá iṣẹ́ èyíkéyìí; ẹni kejì kọ ọ́ pé ọmọ oore-ọ̀fẹ́ ni òun; ẹni kẹta kò kọ nǹkan kan, àwòrán ibi ìgbéyàwó ló fi síbẹ̀, tòun ti jígí dúdú lójú, tí èjìká ọ̀rẹ́ tó gé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń yọ.

N kò ní sọ bí a ṣe ń ṣí ojú-ìwé náà fún yín, nítorí ẹni tó bá lè ṣí Facebook lè ṣí ìyẹn náà. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí àwa tí a ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ṣe ń lò ó, nítorí àwa ni a ń sanwó fún un. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2003 tí wọ́n ti gbé e jáde, ojúde tí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ti ń pàdé ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́, Microsoft tó sì rà á ní 2016 ní iye tó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là kò rà á nítorí àwòrán ìgbéyàwó.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní kí n bá òun wá oníṣirò owó, n kì í ka ojú-ìwé èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ iṣẹ́ náà àti orúkọ ìlú ni mo máa ń tẹ̀, ẹ̀rọ á sì kó àwọn tó ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lójú-ìwé wọn síwájú mi: àwòrán tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, orúkọ, àti ìlà kan lábẹ́ orúkọ. Ìlà yẹn ni mo fi ń mọ ẹni tí mo máa tẹ̀ àti ẹni tí mo máa fò. Àyè lẹ́tà 220 ni wọ́n fún yín níbẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀, ẹ kọ irinṣẹ́ tí ẹ fi ń ṣe é, ẹ kọ irú ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe é fún, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tẹ̀ tí a bá ń wáni. Kò sí agbaniṣíṣẹ́ tó ń tẹ "aláápọn" tàbí "ọmọ oore-ọ̀fẹ́" láti wá oníṣirò owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀fà tí ẹ kọ Èkó síbẹ̀ nítorí pé ojú ń tì yín, oko ńlá tó ń wá akọ̀wé ní ẹ̀bá Òmù-Àrán kò ní rí yín láéláé.

Ní ti ìkíni, ó dára, ọmọ Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n ẹ má fi "Ẹ kú àárọ̀ mà" nìkan ránṣẹ́ sí mi kí ẹ wá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kí mi, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá wá.

Àwọn kan ń lọ gba hàǹtú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí aláàfáà kọ sórí wàláà, kí ojúrere lè wà lára wọn. Agbo ilé aláàfáà ni wọ́n bí mi sí ní Pàkátà, mo mọ iyì wàláà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Àmọ́ hàǹtú kò ní bá yín kọ orúkọ iṣẹ́ yín sábẹ́ orúkọ yín. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn ń tún ojú-ìwé LinkedIn ṣe. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò sì béèrè password lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ fún ọ̀kan nínú wọn ní 15,000 náírà pẹ̀lú password rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní báǹkì kan. Ọmọ náà rí i, ọkùnrin náà ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọmọ náà sì gbà. Èmi náà gbà á gbọ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì fa á kalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan. Nínú àwọn tó jókòó láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, obìnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka báǹkì yẹn gan-an ní àwọn ọdún yẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá bi í pé, "Ta ni ọ̀gá yín nígbà náà?" Ọmọ náà ń wo bàtà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀ mí. Kò lè wọ ojú-ìwé rẹ̀ mọ́, nítorí ọkùnrin náà ti pààrọ̀ password àti ímeèlì rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n jọ kàwé pé iṣẹ́ wà, kí wọ́n san 25,000 náírà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí a ṣe ń wá ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ tí a máa fi gba ojú-ìwé náà padà ni fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì mi. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ parí ilé-ìwé ló pè láti Ọ̀fà, ó ní òun ti sanwó, ọjọ́ wo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa bẹ̀rẹ̀.