Park Joo-bong: ọ̀gá eré ẹlẹ́ni-méjì tó wá ń kọ́ àwọn tó ń dá gbá

Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa gbá badminton, eré tí a ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kọjá àwọ̀n, nírọ̀lẹ́ níbí ní Àkúrẹ́ rí fọ́nrán Park Joo-bong, ará Kòríà Gúúsù, lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ nìyí, àti ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ó mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀?

O tún bu ọlá rẹ̀ kù ni. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló gba ife àgbáyé láàárín 1985 sí 1991: ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú Kim Moon-soo, ẹ̀ẹ̀mẹta níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ ń gbá. Barcelona ní 1992 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ badminton ní Òlíḿpíìkì, òun àti Kim ló sì gba wúrà. Ó ní òun fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ ó tún yọjú ní Atlanta ní 1996, òun àti Ra Kyung-min gba fàdákà. Àwọn tó nà wọ́n ní àṣekágbá? Ará Kòríà bíi tiwọn ni!

Ṣùgbọ́n eré ẹlẹ́ni-méjì ni tirẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ ẹni tó ń dá gbá?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ṣé o ti wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan rí? Ọmọ odó kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ tirẹ̀ nìkan, á fi gbá ti ẹnìkejì ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eré ẹlẹ́ni-méjì. Tí ẹ bá ń kọlu àwọn alátakò, ọ̀kan á wà níwájú, ọ̀kan á wà lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ń kọlù yín, ẹ ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ìyípadà yìí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ tó balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe èyí ti kọ́ bí a ṣe ń ka ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Lójú tèmi, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lórí àga nìyẹn. Ìgbà tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Jàpáàn ni Kento Momota, ọmọ Jàpáàn tó ń dá gbá, gba ife àgbáyé ní 2018 àti 2019.

Kí ló kọ́kọ́ ṣe nígbà tó dé Jàpáàn ní 2004?

O rò pé ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ́ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, àbí? Rárá o. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń san owó oṣù àwọn tó ń gbá badminton níbẹ̀, lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n sì ti ń ṣe ìgbaradì. Tí ìdíje bá ku díẹ̀ ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń kó ara jọ, bí onílù àti oníjó tí kò rí ara wọn rí títí di ọjọ́ ìnáwó. Park ní kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí wọ́n máa ṣe ìgbaradì pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń fi ẹnì kan ti ẹnì kejì, bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní 2012, Fujii àti Kakiiwa, obìnrin méjì tó jọ ń gbá fún Jàpáàn, gba fàdákà ní London, àmì ẹ̀yẹ badminton àkọ́kọ́ tí Jàpáàn gbà ní Òlíḿpíìkì. Ní 2016 ní Òlíḿpíìkì Rio, Matsutomo àti Takahashi, obìnrin méjì mìíràn láti Jàpáàn, wà lẹ́yìn pẹ̀lú 16 sí 19 ní abala ìkẹyìn. Àyò márùn-ún léra wọn ni wọ́n jẹ, wúrà dé.

Ibo ló wà báyìí?

Ó padà sílé ní 2025, ó ń darí ẹgbẹ́ Kòríà.

Èmi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?

Ìwọ tí o pariwo “tèmi ni!” ní Sátidé, tí rákẹ́ẹ̀tì tìrẹ àti ti ẹnìkejì rẹ fi gbá ara wọn tí ọ̀kan fi dá? Ní Sátidé tó ń bọ̀, o ò ní mú rákẹ́ẹ̀tì dání. Wàá jókòó tì mí, wàá máa sọ ibi tí ẹnìkejì rẹ máa gbà kí ó tó gbẹ́sẹ̀. Tó o bá gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mo máa ra rákẹ́ẹ̀tì fún ẹ.